Lẹ́ńsì Inú Ojú: Èwo Ni Kí Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Mú?

Ojú lọba ara. Àwọn àgbà ti sọ ọ́, a kò sì tíì rí ẹni tó bá wọn jiyàn lórí rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà tàbí ìtàn ìlú ni a gbé wá. Ọ̀rọ̀ ojú ni, pàápàá jù lọ lẹ́ńsì àtọwọ́dá tí àwọn dókítà ń fi sínú ojú ẹni tó ní kátáráàtì. Ìwé pélébé kan ló fà á tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí rẹ̀.

Gbogbo ọmọ Yorùbá tó ti lò ju ọdún kan lọ ní ilé-ìwé wa ní Kàdúná níbí ló mọ Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́ àti gààrí lọ́jà, àwọn náà sì ni a máa ń sá tọ̀ nígbà tí owó ilé bá pẹ́ kó tó dé. Nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn ni a ṣàkíyèsí pé bí ènìyàn bá fún wọn lówó, wọn á gbé e sún mọ́ imú kí wọ́n tó mọ̀ bóyá igba náírà ni tàbí ẹgbẹ̀rún kan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún oníbàárà ní ṣéńjì tó ju owó tí ó san lọ. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, ó sọ fún wọn pé kátáráàtì ti bo ojú méjèèjì, àfi iṣẹ́ abẹ. Ó wá fún wọn ní ìwé kan tó kọ oríṣi lẹ́ńsì mẹ́ta sí pẹ̀lú iye owó wọn. Èkínní jẹ́ ike líle, kò wọ́n púpọ̀. Èkejì jẹ́ èyí tó ṣeé ká, ó wọ́n díẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ èyí tí wọ́n ní ó ń rí òkèèrè àti ìtòsí pọ̀. Owó tirẹ̀, àfi bí ẹni fẹ́ ra ọ̀kadà. Ọmọ wọn ọkùnrin tó wà ní London ti pè wọ́n pé kí wọ́n mú èyí tó wọ́n jù, òun yóò fi owó ránṣẹ́, nítorí pé ohun tó bá wọ́n ló máa ń dára. Ìyá gbé ìwé náà wá bá wa. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kàwé, ẹ bá mi wò ó. Kí gan-an ni mo fẹ́ fi owó ọmọ mi rà yìí?”

Kò sí ẹni tó lè dá wọn lóhùn nínú wa, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni mẹ́ta nínú wa ló ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ojú tì wá. A lọ ka ìwé, a sì tọ dókítà ojú kan lọ tó fara balẹ̀ dá wa lóhùn. Ohun tí a rí ni a kọ síhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹyinjú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ihò dúdú àárín ojú tí à ń pè ní ọmọ ojú, lẹ́ńsì kan wà tí Elédùmarè fi síbẹ̀. Kò ju ẹ̀wà ńlá kan lọ, ó mọ́ gaara bí omi, inú àpò kan tó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ ló sì wà. Òun àti iwájú ẹyinjú ni wọ́n jọ ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan ní ẹ̀yìn ojú, níbi tí àwòrán ti ń hàn. Nígbà tí ènìyàn wà ní ọ̀dọ́, lẹ́ńsì yìí rọ̀, ó sì lè yí ara padà: bí a bá ń wo òkèèrè, á tẹ́, bí a bá ń kàwé, á ki. Bí a bá ti ń kọjá ogójì ọdún, á bẹ̀rẹ̀ sí í le, ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi ń na ìwé jìnnà kí wọ́n tó lè kà á. Bí ọjọ́ bá wá ń gorí ọjọ́, èròjà inú rẹ̀ lè dàrú, kí ó dì bí funfun ẹyin ṣe ń dì lórí iná. Kátáráàtì nìyẹn. Àwọn Hausa aládùúgbò wa ń pè é ní yanar ido, bí ẹni pé aláǹtakùn ta sínú ojú. Kò sí oògùn mímu tàbí èyí tí à ń kán sójú tó ń wò ó. Yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ lẹ́ńsì kúrò, kí ni yóò máa kó ìmọ́lẹ̀ jọ? Orí ìbéèrè yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dúró lé.

Ní Òkè Ọya níbí, àwọn kan ṣì wà tó ń rìn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó ti kátáráàtì wọ inú ẹyinjú lọ kí ó lè kúrò lọ́nà. Aláìsàn á rí ìmọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, inú rẹ̀ á dùn, á sì sanwó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ojú á máa wú, tàbí kí ó fọ́ pátápátá. Láàárín ọdún 2005 sí 2007 ni wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan káàkiri Nàìjíríà, tí wọ́n yẹ ojú àwọn ènìyàn tó lé ní 13,000 wò, gbogbo wọn tó ọmọ 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n rí i pé nínú 100 afọ́jú, kátáráàtì ló fọ́ ojú 43. Nínú àwọn ojú tí wọ́n sì ti ṣe nǹkan sí nítorí kátáráàtì, ó lé ní 40 nínú 100 tó jẹ́ pé títì ni wọ́n tì í bẹ́ẹ̀. Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni pé, nínú 100 afọ́jú náà, ó lé ní 8 tó jẹ́ pé kátáráàtì ti kúrò lójú wọn, àmọ́ kò sí lẹ́ńsì níbẹ̀, kò sì sí awò tí yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Awò tó nípọn bí ìdí ìgò ni wọ́n máa ń fún àwọn tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún láyé ìgbà kan. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ lo irú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Awò bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí gbogbo nǹkan tóbi ju bí ó ṣe rí lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ènìyàn á na ọwọ́ sí ife omi, ọwọ́ á bá afẹ́fẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, àwòrán ojú kan á tóbi ju ti èkejì lọ, ọpọlọ kò ní lè pa méjèèjì pọ̀. Ìyá sọ fún wa pé ọjọ́ tí awò ẹ̀gbọ́n àwọn já sí kànga, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n padà di ẹni tí à ń fà lọ́wọ́.

Ẹni tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni Harold Ridley, dókítà ojú ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin yìí kì í ṣe àjèjì sí ìhà ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wà ní Gold Coast tí a mọ̀ sí Ghana lónìí, níbi tó ti ṣe ìwádìí lórí àrùn tó ń fọ́ àwọn ará etí odò lójú. Nígbà ogun yẹn kan náà, ìbọn ọ̀tá máa ń fọ́ ìbòrí tó wà lórí àwọn awakọ̀ òfúrufú ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ike líle kan tó mọ́ bíi gíláàsì, tí wọ́n ń pè ní Perspex, ni wọ́n fi ṣe ìbòrí náà, èérún rẹ̀ a sì máa wọ àwọn awakọ̀ lójú. Ridley ṣàkíyèsí pé ike yìí lè wà nínú ojú fún ọdún púpọ̀ kí ojú má bá a jà. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń wo bó ṣe ń yọ kátáráàtì ló bi í pé kí ló dé tí kò fi òmíràn rọ́pò èyí tó yọ. (Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí bí a bá tún ń da ìbéèrè bò yín.) Ní ọjọ́ 29, oṣù Kọkànlá, ọdún 1949, ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London, Ridley fi lẹ́ńsì ike àkọ́kọ́ sójú obìnrin ẹni ọdún 45 kan.

Ojú gba lẹ́ńsì náà. Àmọ́ obìnrin náà kò lè rí òkèèrè rárá láìlo awò tó lágbára gidigidi. Kí ló fà á? Wọ́n ti ṣe lẹ́ńsì náà kí ó yọ ikùn bí ti inú ojú ṣe yọ ikùn, bẹ́ẹ̀ ike máa ń yí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ padà ju lẹ́ńsì abínibí lọ. Agbára rẹ̀ wá pọ̀ jù. Dioptre ni àwọn dókítà fi ń ka agbára lẹ́ńsì. Awò ìkàwé tí àwọn ìyá wa ń rà lọ́jà kì í sábà ju 1 sí 3 lọ. Àṣìṣe ti obìnrin yìí lé ní 15. Ẹ kíyè sí i dáadáa: ọwọ́ dókítà kò gbọ̀n, ọgbẹ́ kò bàjẹ́, lẹ́ńsì kò kùnà láti dúró. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ ike náà nìkan ló dí i lójú.

Ridley tún un ṣe fún àwọn tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n àléébù mìíràn ṣì wà. Lẹ́ńsì rẹ̀ wúwo, kò sì ní apá tí yóò fi di ẹ̀gbẹ́ mú, nítorí náà àwọn mìíràn yẹ̀ kúrò láyè wọn. Àwọn dókítà kan wá ronú pé kí wọ́n kúkú gbé e síwájú ọmọ ojú, níbi tí ó rọrùn láti fi sí. Ó dára lójú lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó yá, púpọ̀ nínú irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ ba iwájú ẹyinjú jẹ́, ibi tó yẹ kó mọ́ gaara di kíkùn. Àfìgbà tó di 1977 ni Steven Shearing ní Amẹ́ríkà gbé èyí tó ní apá tín-ín-rín méjì jáde, apá tó ṣeé tẹ̀ tó sì ń padà sípò, tó ń wà lẹ́yìn ọmọ ojú. Lónìí, inú àpò tí lẹ́ńsì abínibí ti jáde gan-an ni wọ́n ń fi í sí, kí apá méjèèjì máa tì í mọ́ àárín. Ridley kò kú kó tó rí èrè iṣẹ́ rẹ̀: wọ́n fi òun náà ní lẹ́ńsì sójú ní St Thomas', wọ́n fún un ní oyè Sir ní 2000, ó sì kú ní 2001.

Ohun kan tí a kò rò pé ó lè já mọ́ nǹkan kan ni etí lẹ́ńsì. Bí wọ́n bá yọ kátáráàtì tán, ẹyọ èròjà abẹ̀mí díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù sínú àpò yẹn. Wọ́n á máa pọ̀ sí i, wọ́n á máa rákò bọ̀ wá sí àárín, títí ojú á fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún mélòó kan. Àwọn ènìyàn á ní kátáráàtì ti padà dé. Kì í ṣe kátáráàtì, àpò ló ṣú. Bí etí lẹ́ńsì bá rí róbótó, àwọn èròjà yìí á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹran ṣe ń gba abẹ́ ọgbà tó gbókè. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti wá mọ̀ pé bí etí náà bá mú ní igun, tó sì tẹ àpò mọ́lẹ̀ yíká, ó máa ń dènà púpọ̀ nínú wọn. Ìmọ́lẹ̀ lésà lè la àpò tó ṣú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá wà ni. Fún ẹni tó ń gbé nítòsí ilé ìwòsàn ojú ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kàdúná ní 1979, kò le. Fún bàbá tó máa padà sí abúlé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, etí lẹ́ńsì lè jẹ́ ohun tó ya ìríran ọdún méjì sọ́tọ̀ sí ti ọdún mẹ́wàá. Síbẹ̀, etí tó mú yìí náà ní tirẹ̀: àwọn kan a máa rí òjìji bí oṣù tuntun ní ẹ̀gbẹ́ ojú ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ó sì sábà máa ń lọ.

Ti líle àti èyí tó ṣeé ká ńkọ́? Lẹ́ńsì líle nílò ẹnu ọgbẹ́ tó tó milimítà 6, èyí tó ṣeé ká sì lè gba ibi tí kò ju 2 tàbí 3 lọ wọlé. Bí ẹnu ọgbẹ́ bá tóbi, ó lè fa iwájú ojú tẹ̀ sápá kan, kí àwòrán máa gùn tàbí kí ó máa wọ́. Ìdí nìyẹn tí èyí tó ń ká fi gbayì. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ti rí ọgbọ́n mìíràn dá sí i: wọ́n ń gé ọgbẹ́ náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀ láti apá funfun ojú, bí ẹni gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀, tí yóò fi pa ara rẹ̀ dé láìlo okùn. Wọ́n fi ọ̀nà yìí pẹ̀lú lẹ́ńsì líle wé ọ̀nà olówó ńlá ní Nepal, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn aláìsàn apá méjèèjì ló ríran dáadáa, ìyàtọ̀ kò tó nǹkan.

Lẹ́ńsì líle yìí kan náà ló sì gba àwọn tálákà là. Ní 1992, ilé ìwòsàn Aravind ní Madurai ní ilẹ̀ Íńdíà dá ilé-iṣẹ́ Aurolab sílẹ̀ láti máa ṣe é fúnra wọn, wọ́n sì mú owó rẹ̀ wálẹ̀ sí nǹkan bí dọ́là 10. Àjọ tí Fred Hollows, dókítà ojú ará Australia, fi sílẹ̀ náà dá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Nepal àti ní Eritrea, ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1993. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi ẹnu ṣáátá lẹ́ńsì tí kò wọ́n, a ó bi í pé èwo lára rẹ̀ ni kò dára.

Ó wá ku ẹ̀kẹta, èyí tó ba Ìyá nínú jẹ́ jù nítorí owó rẹ̀. Lẹ́ńsì méjì àkọ́kọ́ ń kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ṣe é fún òkèèrè, òkèèrè ni yóò mọ́ kedere, ènìyàn á sì máa lo awò láti kàwé. Ẹ̀kẹta yìí ní òrùka wẹ́wẹ́ tó yí ara wọn ká, tó ń pín ìmọ́lẹ̀: díẹ̀ fún òkèèrè, díẹ̀ fún ìtòsí, nígbà mìíràn díẹ̀ fún àárín. Ọ̀pọ̀ ló lò ó tó sọ awò nù, tí inú wọn sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta èlùbọ́ yóò tètè yé: bí a bá pín àmàlà ẹni kan fún ẹni mẹ́ta, kò sẹ́ni tí yóò yó nínú wọn bí ẹni tó dá a jẹ. Ìmọ́lẹ̀ tó dé àwòrán kọ̀ọ̀kan ti dín kù, èyí tó ṣẹ́ kù sì ń tàn yí i ká. Lálẹ́, iná ọkọ̀ á yọ òrùka bí òṣùpá tó wọ agbada. Nínú ilé tí kò mọ́lẹ̀, ohun eérú lára ohun dúdú kò ní hàn dáadáa. A mọ bàbá awakọ̀ kan tó lò ó ní ìlú mìíràn. Wọ́n ń ka ìwé ìròyìn láìlo awò, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ìrìn òru sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá ní gilokóòmà, àrùn tó ń jẹ iṣan ojú láìsọ, kò yẹ kó tún pàdánù ìmọ́lẹ̀ sí i. Ìwádìí tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan fi hàn pé gilokóòmà ló tẹ̀ lé kátáráàtì nínú ohun tó ń fọ́ wa lójú ní Nàìjíríà.

Irú mìíràn wà fún ẹni tí iwájú ojú rẹ̀ kò rí róbótó déédéé. Ó dára, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ dúró gan-an bí wọ́n ṣe gbé e. Bí ó bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 30 yí kúrò, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán.

Bí dókítà yìí ṣe ń ṣàlàyé fún wa, ìbéèrè tiwa ni pé èwo ló dára jù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a lọ bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe máa wọn ojú Ìyá. Ọ̀rọ̀ náà yí wa lórí po, títí ó fi ṣí i fún wa. Gígùn ẹyinjú láti iwájú dé ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń mọ agbára lẹ́ńsì tí ojú kọ̀ọ̀kan nílò. Bí wọ́n bá fi milimítà kan ṣoṣo ṣì í, ìríran á fi dioptre 2 ààbọ̀ sí 3 yẹ̀. Kò sí olówó ńlá tó lè ra ìyẹn padà. Láti 1980 ni ìṣirò tí wọ́n ń pè ní SRK ti jẹ́ kí èyí rọrùn, àwọn tó péye jù ú lọ sì ti tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ìṣirò kò lè dára ju ohun tí a wọ̀n lọ. Bí kátáráàtì bá sì ti funfun jù, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ojú kò lè rí inú rẹ̀, àfi èyí tó ń lo ìró, ọwọ́ ẹni tó ń lò ó sì gbọ́dọ̀ fúyẹ́ kó má tẹ ojú. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí àwọn òbí wa máa dúró títí ojú yóò fi fọ́ tán.

A padà sọ́dọ̀ Ìyá, a bi wọ́n ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi wọ́n: kí ni wọ́n fẹ́ máa fi ojú ṣe? Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ oníbàárà láti ọ̀nà jíjìn kó tó yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, kí àwọn mọ owó, kí àwọn ka Bíbélì lálẹ́, nígbà tí iná kì í sábà sí. Kí àwọn fi awò kàwé kò ṣe àwọn ní nǹkan kan. Àwọn ti ń lò ó tẹ́lẹ̀. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, a sì fi ìbéèrè mẹ́ta kún un fún dókítà wọn: báwo ni ẹ ṣe máa wọn ojú, ṣé etí lẹ́ńsì náà mú ní igun, ṣé ẹ ti yẹ̀ wọ́n wò fún gilokóòmà?

Ọmọ wọn pè láti London, ó bínú díẹ̀. Ìyá ní, “Owó tó kù, fi san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ.” Èkejì inú ìwé ni wọ́n mú, wọ́n sì ṣe é fún òkèèrè. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n ṣe ojú ọ̀tún. Fún ojú òsì, dókítà ní bí wọ́n bá fẹ́, òun lè ṣe é fún ìtòsí, kí ojú kan máa wo ọ̀nà, kí èkejì máa ka owó. Àwọn kan mọ́ ọn lára, àwọn kan kò mọ́ ọn lára. Ìyá ṣì ń rò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n wá kí wa ní yàrá tí a ti ń jókòó kọ ìwé ìròyìn yìí. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì béèrè ibi tí ìgbálẹ̀ wà.